Láptọ́ọ̀pù Tí Gafar Yan Bí Ẹja

Ẹjọ́ tó dé ààfin Karmo lánàá kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í sì í ṣe ẹjọ́ ìyàwó. Ẹjọ́ láptọ́ọ̀pù ni. Rachael, ìyá Jọmílójú, ló pe ẹjọ́ náà, ó sì gbé láptọ́ọ̀pù ọ̀hún kalẹ̀ síwájú Kábíyèsí nínú bébà fàdákà tí wọ́n fi ń yan ẹja. Bébà náà ti dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kí ẹnikẹ́ni má ro ààfin ńlá o. Pálọ̀ kan ni ààfin Ọba Yorùbá ní Karmo, ní Àbújá, àga ike mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, àti fáànù kan tó ń mi orí bí ẹni pé ó ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Kábíyèsí Sàláwù kò jogún adé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa mọ́tò fún iléeṣẹ́ ìjọba. Nígbà tó fẹ̀yìntì, àwọn ọmọ Yorùbá àdúgbò fi í jọba nítorí pé ó ní pálọ̀, kì í sì í tètè bínú.

Adébíyì, akọ̀wé ẹgbẹ́, jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ tòun ti kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Ìyálóde Àlímátù, tó ń ta ike lọ́jà, wà lọ́wọ́ òsì. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ jókòó sórí àpótí: Gafar, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí. Ó ń fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀ léraléra bí ẹni tí àyà ń dùn. Rachael rí i, ó sì rò pé ẹ̀rí ọkàn ló ń jẹ ẹ́. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀.

Kábíyèsí ní kó sọ tẹnu rẹ̀, kó má sì jẹ́ kó gùn.

Rachael sọ ọ́ bó ṣe rí. Akọ̀wé kékeré ni òun ní iléeṣẹ́ ìjọba, ọdún mẹ́tàdínlógún rèé. Òun ti ń lọ sí yunifásítì ní òpin ọ̀sẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, kí wọ́n lè sọ òun di ọ̀gá kí òun tó fẹ̀yìntì. Iṣẹ́ àṣekágbá òun, tí òun fi ọwọ́ ara òun tẹ̀, wà nínú láptọ́ọ̀pù yìí. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ń gbà á kẹ́yìn. Bí Mọ́ńdè bá kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìlà lójú, ìlà pupa, ìlà àwọ̀ ewé, bí aṣọ òfì.

"Mo gbé e lọ bá Gafar. Ó ní káàdì ló ń kú lọ."

"Káàdì ìdìbò?" Adébíyì bi í. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí gbogbo Karmo ti ń to ìlà nítorí káàdì ìdìbò, kò sí káàdì mìíràn lọ́kàn akọ̀wé.

"Bóyá káàdì ìpè ni," Ìyálóde wí. "Èyí tí wọ́n ń họ ẹ̀yìn rẹ̀."

"Èmi náà ò mọ̀, Ìyálóde. Káàdì àwòrán ló pè é. Káàdì kan ṣoṣo tí mo ní tó ní àwòrán ni ti ibi iṣẹ́. Mo rò pé ẹ̀rọ náà ti gbàgbé ojú mi ni. Ṣé fóònù kì í béèrè ìka ọwọ́ ni? Mo yọ ọ́ lọ́rùn, mo fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kábíyèsí gan-an fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bo ẹnu. Rachael dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán.

"Gafar," Kábíyèsí wí, "o gba káàdì iṣẹ́ ẹlòmíràn?"

"Mo gbà á, Kábíyèsí. Bí àgbà bá fún ọmọdé ní nǹkan, ọwọ́ méjèèjì ni ọmọdé fi ń gbà á."

"O ò sọ fún un pé ìyẹn kọ́ lò ń wí?"

"Ó wúlò, Kábíyèsí. Òun ni mo fi ṣí ìdí láptọ́ọ̀pù, torí irin máa ń họ ọ́ lára. Òun náà ni mo fi pa ìpara funfun tó ń jẹ́ kó tutù nínú."

Rachael na káàdì náà sókè. Igun rẹ̀ kan ti kán. Àwòrán rẹ̀ ti rí bí ẹni tó ṣubú sínú fùláwà, ojú kan ṣoṣo ló kù tó ń wo ilé.

"Àwọn sìkíọ́rítì ò gbà pé èmi ni," ó wí. "Ọdún mẹ́tàdínlógún, Kábíyèsí. Àárọ̀ yòówù tí mo bá dé ibi iṣẹ́ mi, ìwé àlejò ni mo ń fọwọ́ sí. Wọ́n ní kí n kọ ẹni tí mo fẹ́ rí. Mo kọ orúkọ ara mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín ní tèyí.

Ó ní èyí tó burú jù kò tíì dé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni òun fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Gafar. Ọjọ́ kìíní, Gafar ní sùúrù ni baba ìwà. Ọjọ́ kẹta, ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹsẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, ó ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

"Òwe ni mò ń gbé lọ sílé, Kábíyèsí. Mi ò gbé láptọ́ọ̀pù."

Wọ́n ní kí Gafar fèsì. Ó dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó kí ààfin láti orí ìlẹ̀kùn dé orí fáànù. Rachael mọ ohùn yẹn. Bí ohùn ọkùnrin bá ti ń dùn báyìí, kò tíì ṣe nǹkan tí wọ́n rán an.

"Kábíyèsí, arúgbó ni láptọ́ọ̀pù yìí. Nígbà tí Mọ́mì rà á, àlòkù ni. Òjé tó so káàdì àwòrán, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán wá sójú rẹ̀, mọ́ pátákó inú rẹ̀ ti ya. Ẹ̀rọ tó bá rí báyìí, iná ló ń wò ó sàn. Iná á yọ́ òjé, òjé á tún lẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní kí Mọ́mì tàn án, kí wọ́n fi kúbùsù wé e kó lè gbóná dáadáa. Wọ́n wé e. Ó jí àbí kò jí, Mọ́mì?"

"Ó jí. Ọjọ́ méjì ló lò láyé."

"Ẹ gbọ́ o. Ooru kúbùsù ni kò tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e lọ sí ààrò."

"Ààrò ta ni?"

"Ti ẹ̀gbọ́n Yínúsà."

Yínúsà oníbúrẹ́dì, ọmọ Ìlọrin, ti wà lẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó kàn ń kọjá. Wọ́n pè é wọlé. Ó ní ẹ̀rí òun kò gùn: ẹja ni Gafar pe nǹkan náà.

"Mi ò ní ẹja ni," Gafar wí. "Mo ní kí ẹ yan án bí ẹja."

"Kai, Gafar. O gbé nǹkan wá nínú bébà fàdákà, o ní 'ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yan án bí ẹja, ẹ má jẹ́ kó jóná.' Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa nǹkan tí kì í ṣe ẹja?"

Kábíyèsí bi wọ́n pé ìṣẹ́jú mélòó ló lò nínú iná.

"Mẹ́jọ," Gafar wí.

"Ó bá búrẹ́dì kìíní wọlé," Yínúsà wí, "ó bá ìkejì jáde."

"Ṣé ìṣẹ́jú mẹ́jọ nìyẹn?"

Yínúsà wo fáànù. Ó ní àsìkò ìrun Àsárì ni, ènìyàn kan kò lè ṣe àlùwàlá kó tún máa ṣọ́ ààrò. Ìyálóde bi í pé ṣé torí ìyẹn ni búrẹ́dì tí òun rà ní ọjọ́ Túsìdeè ṣe ń rùn bí táyà. Yínúsà ní ti Túsìdeè yàtọ̀, kò sí òórùn kankan lára búrẹ́dì òun. Kò pẹ́ tó tún fi kún un pé fùláwà ló fa òórùn náà.

"Òórùn tí kò sí," Ìyálóde wí.

Kábíyèsí padà sọ́dọ̀ Gafar. Ó ní lẹ́yìn ààrò ńkọ́, ṣé ó jí?

"Ó jí, Kábíyèsí. Ó tàn, orúkọ rẹ̀ yọ lójú rẹ̀. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má dà á láàmú kó tó tutù. Àfi bí Mọ́mì ṣe wọlé."

"Mi ò fọwọ́ kàn án," Rachael wí.

"Ẹ wò ó, Mọ́mì. Ojú tí ẹ fi wò ó gbóná."

"Ó wá kú."

"Kò kú, Kábíyèsí. Ó ń ronú."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ mẹ́rin."

Rachael ti pinnu pé òun kò ní sunkún níwájú Gafar, kò sì sunkún. Ó kàn jókòó. Ó ti ń ṣírò bí òun yóò ṣe sọ fún Jọmílójú, tó ti ń pè é ní ọ̀gá láti ọdún tó kọjá, pé kó dá ọ̀rọ̀ náà dúró ná. Ó sọ fún Kábíyèsí pé òun kò wá gba láptọ́ọ̀pù tuntun. Òun ò wá kí wọ́n na ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ló bá a jóná nínú ààrò búrẹ́dì, òun kàn fẹ́ kí ẹnì kan sọ ọ́ ní gbangba pé ó ti lọ, láìfi òwe kankan kún un.

Kábíyèsí fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin kan kúrò lórí bébà fàdákà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn awakọ̀ ló fi sọ ọ́, kì í ṣe ti ọba.

"Gafar. Iná iwájú mọ́tò kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà kan. Mo gbé e lọ sí Apo, mẹkáníìkì tú u palẹ̀ pátápátá. Ẹrù ọ̀gá mi wà ní búùtù. Ṣé ẹrù náà kú?"

"Rárá, Kábíyèsí. Iná lọ́tọ̀, ẹrù lọ́tọ̀."

"Níbo ni ẹrù Ìyá Jọmílójú wà nínú ẹ̀rọ yìí?"

Ọwọ́ Gafar dúró lórí àpò àyà rẹ̀.

"Kò sí nínú ẹ̀rọ, Kábíyèsí. Mo ti yọ ọ́ kí n tó gbé e lọ sí ààrò. Ta ni yóò ki orí ẹlòmíràn bọ iná?"

Rachael dìde.

"Níbo ló wà?" Kábíyèsí wí.

Gafar kiwọ́ bọ àpò. Ó mú nǹkan pẹlẹbẹ kan jáde, ó tóbi díẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ, ó fi áńkáṣíìfù mímọ́ wé e.

"Gbogbo ohun tí Mọ́mì tẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà kan ò sọnù. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ó rí i." Ó fọwọ́ kan àpò kejì. "Mo mú wáyà rẹ̀ dání."

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó lápò rẹ?"

"Mẹ́sàn-án."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Kábíyèsí, kò sẹ́ni tó bi mí. Bí Mọ́mì bá dé, wọ́n á ní, 'Gafar, láptọ́ọ̀pù mi ńkọ́?' Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ni mo sì ń dá wọn lóhùn."

Rachael kò mọ̀ bóyá kí òun kúnlẹ̀ dúpẹ́ ni tàbí kí òun gbá a létí. Ohun tó dùn ún jù ni pé òótọ́ ni Gafar sọ. Láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, láptọ́ọ̀pù ló ń béèrè.

Kábíyèsí bá àwọn ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Kò pẹ́.

"Gafar, o ò jalè, o ò sì purọ́. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Láti Mọ́ńdè, títí iléeṣẹ́ ìjọba yóò fi fún Rachael ní káàdì mìíràn, ìwọ ni káàdì rẹ̀. Aago méje àárọ̀, wàá bá a wọ bọ́ọ̀sì. Wàá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní géètì, wàá sọ fún sìkíọ́rítì pé, 'Rachael nìyí, mo mọ ojú rẹ̀.'"

Adébíyì, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, bi Rachael pé báwo ni káàdì tuntun ṣe máa ń pẹ́ tó níbẹ̀.

"Èyí tó kán yìí," Rachael wí, "oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi dúró dè é."

Gafar yọ kúrò lórí àpótí, ó jókòó sílẹ̀.

"Títí di Ìtúnu Ààwẹ̀," Kábíyèsí ń bá a lọ, "o ò gbọdọ̀ pa òwe fún oníbàárà kankan. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan, gbólóhùn méjì ni mo fún ọ: ó ṣiṣẹ́, tàbí kò ṣiṣẹ́. Yínúsà, búrẹ́dì Túsìdeè yòówù tó bá ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ rẹ, ìwọ àti Gafar ni yóò jẹ ẹ́, níbí, lójú Ìyálóde. Ṣebí o ní kò rùn. Ẹ gbé òkú ẹ̀rọ yìí kúrò níwájú mi."

"Kò kú, Kábíyèsí," Gafar bẹ̀rẹ̀, "ó ń..."

Kábíyèsí wò ó.

"Kò ṣiṣẹ́," Gafar wí.

Wọ́n so nǹkan pẹlẹbẹ náà mọ́ kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Adébíyì yí i sọ́dọ̀ Rachael, Rachael sì wá iṣẹ́ rẹ̀ kàn. Ó wà níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ wo ojú ewé tó kẹ́yìn, ó rí orúkọ ara rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kábíyèsí ní kó ka àkọlé rẹ̀ fún ààfin gbọ́, kí àwọn mọ ohun tí àwọn tìtorí rẹ̀ jókòó láti àárọ̀.

Rachael túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá: "Ohun Tó Ń Mú Kí Ìròyìn Pẹ́ Kó Tó Dé Ọ̀dọ̀ Ẹni Tó Nílò Rẹ̀."

Fáànù mi orí sọ́tùn-ún, ó mi í sósì.

"Ojú ewé mélòó ni?" Kábíyèsí bi í.

"Mọ́kànléláàádọ́rin, Kábíyèsí."

Kábíyèsí wo Gafar nílẹ̀ níbi tó jókòó sí.

"Mọ́ńdè ò tíì dé," ó wí fún Rachael. "Fi ojú ewé kan kún un."