Bí Mo Ṣe Di Wòlíì Nítorí Asáínmẹ́ǹtì

Ọjọ́ tí mo di wòlíì nínú ìletò kan lẹ́yìn Ibafo, láìsí ẹni tó fi òróró yàn mí, kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Kì í ṣe pé mo gbààwẹ̀ o. Asáínmẹ́ǹtì ni mo lọ ṣe.

Ọdún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì ni, nígbà tí wọ́n ṣì ń ta síìmù fóònù bí ẹni ń ta góòlù. Ilé àwọn òbí mi ní Mowe ni mo ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Àbúrò mi ọkùnrin ti rí àyè wọlé sí yunifásítì kan náà, ṣùgbọ́n bàbá wa ti là á mọ́lẹ̀ pé agbára òun ò gbé ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá jáde, àbúrò mi á wọlé. Bí mo bá ní káríófà, tí mo ní láti tún kọ́ọ̀sì kan ṣe, á jókòó sílé dè mí. Kì í bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ láràárọ̀ ló máa ń rọra bi mí pé, "Àǹtí mi, ṣé ẹ ti kàwé lónìí?" Ìbéèrè yẹn máa ń dùn mí ju ìjà lọ.

Kọ́ọ̀sì méjì ló há mi lọ́rùn. Olùkọ́ àkọ́kọ́, ìyá kan tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tó bá fẹ́ já èèyàn kulẹ̀, ní kí oníkálukú kọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí i, bó ṣe rí lára rẹ̀, àti ohun tó rí kọ́. Èkejì, bàbá kan tó ń kọ́ wa nípa iye èèyàn tó wà láwùjọ, ní ká lọ ṣe ìwádìí láàárín àwọn ìdílé, ká má sì fi tara wa sí i rárá. "Mi ò fẹ́ rí 'èmi' nínú iṣẹ́ mi," ló wí. Ẹnì kan ní kí n mú ara mi wá, ẹnì kan ní kí n fi ara mi sílé, ọ̀sẹ̀ kan náà sì ni.

Ti ìyá yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣe, torí mo rò pé ó rọrùn. Ní ilé tiwa, ọ̀nà kan ṣoṣo tí a mọ̀ láti ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ síni ni ẹ̀rí, níwájú ìjọ, pẹ̀lú makirofóònù lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́. Mo kọ bí bọ́ọ̀sì wa ṣe fẹ́ já sí kòtò lójú ọ̀nà márosẹ̀, bí mo ṣe pariwo orúkọ Jésù, àti bí nǹkan kan kò ṣe ṣe ẹnikẹ́ni. "Ẹ yin Olúwa" ni mo fi bẹ̀rẹ̀, "Ẹ bá mi dúpẹ́" ni mo fi parí. Ìyá náà kà á sókè ní kíláàsì. Bó ṣe pe "Ẹ yin Olúwa" báyìí, gbogbo kíláàsì dáhùn pé "Halelúyà!" Àwọn kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́.

"Ọmọ mi," ìyá náà ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, "Ọlọ́run ló ṣe gbogbo iṣẹ́ inú ìtàn yìí. Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ ṣe? Kí lo rí kọ́?"

"Mo kọ́ pé Ọlọ́run tóbi, mà."

"Lọ tún un kọ."

Ó wá ku ìwádìí. Mo lọ tẹ àwọn ìbéèrè mi nílé kọ̀ǹpútà kan ní Mowe, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo fi káàdì ilé ẹ̀kọ́ kọ́rùn, mo gun ọ̀kadà lọ sí ìletò kan lẹ́yìn Ibafo, níbi tí àwọn onílẹ̀ ti wà kí ọ̀nà márosẹ̀ tó dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àdúgbò wa, ẹ ti rí àṣìṣe mi. Ẹni tó bá múra báyẹn, tó tún mú bébà lọ́wọ́, ilẹ̀ ló wá wọ̀n, tàbí kó wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé tí ìjọba fẹ́ wó. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ tán, àwọn ọkùnrin ti ń dìde lórí bẹ́ǹṣì.

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn dáadáa, mo ṣàlàyé pé ọmọ ilé ìwé ni mí. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí wọn. Bàbá bi mí pé ọmọ ta ni mí, ibo ni bàbá mi ti wá, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ṣọ́ọ̀ṣì wo là ń lọ, ṣé mo ti lọ́kọ. Ó ti ṣèwádìí mi tán kí èmi tó ṣí bébà mi. Inú rẹ̀ dùn sí mi. Ìyàwó rẹ̀ àgbà, tí gbogbo agboolé ń pè ní Ìyá Àgbà, bu omi tútù fún mi. Ìgbà náà ni mo wá béèrè ìbéèrè kìíní.

"Bàbá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Obìnrin tó ń lọ ata dáwọ́ dúró.

"Kí lo wí?" Bàbá ní.

Mo rò pé kò gbọ́ ni. Mo gbóhùn sókè. "Mo ní ọmọ mélòó lẹ bí, sà? Àti pé, mélòó ló kù láyé nínú wọn?"

Ẹ ṣàánú mi. Ọmọ Yorùbá ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àmọ́ olùkọ́ mi ti ní kí n fi ara mi sílé, mo sì ti fi ọgbọ́n orí mi sílé pẹ̀lú rẹ̀.

"Ta ló rán ẹ wá ka ọmọ mi?" Bàbá pariwo.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Ẹ má ṣe wàhálà, mo lè kà wọ́n fúnra mi." Mo nàka sí àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lábẹ́ igi máńgòrò. "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin..."

Èyí tí mo nàka sí gbẹ̀yìn yẹn gan-an ló fẹsẹ̀ kọ, ló ṣubú, ló figbe ta.

Àwọn ìyá tú jáde láti inú yàrá gbogbo, oníkálukú gbá tirẹ̀ mọ́ra. Ẹnì kan já bébà gbà lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan ní kí wọ́n ti géètì, bẹ́ẹ̀ agboolé náà kò ní géètì. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá lé mi kúrò níbẹ̀, kò sí ìwádìí, kò sí ìjáde, àbúrò mi á sì tún jókòó sílé.

Ìyá Àgbà ló gbà mí. "Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Ṣebí ó ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lòun? Ẹnu tó fi kà wọ́n náà ni yóò fi gbàdúrà fún wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yá, kúnlẹ̀ síbẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Ọmọ tó ṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá. "Kí lorúkọ rẹ̀, mà?" mo béèrè. Ìyá rẹ̀ dárúkọ rẹ̀, ó sì fi kún un pé òun bí i tẹ̀lé èyí tí kò dúró, kí n má gbàgbé ìyẹn nínú àdúrà. Mi ò gbàgbé. Wọ́n mú òmíràn wá, wọ́n tún mú òmíràn wá. Bàbá fúnra rẹ̀ dárúkọ èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ajuwon, àwọn tó wà l'Ékòó, àti èyí tó wà lókè òkun tí kì í pè wọ́n. Gbogbo ohun tí bébà mi fẹ́ mọ̀ ni wọ́n ń sọ láìjẹ́ pé mo bi wọ́n. Nígbà tí mo gbàdúrà fún ọmọ tí kì í pè yẹn, omi bọ́ lójú Bàbá, èmi náà sì bú sẹ́kún. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ìbẹ̀rù ni tàbí àánú.

Ó yẹ kí n máa lọ sílé, ṣùgbọ́n ìròyìn ti tàn. Agboolé kejì ránṣẹ́ pé kí wòlíì obìnrin yẹn wá gbàdúrà fún tiwọn náà. Mo ní èmi kì í ṣe wòlíì. Wọ́n ní bí àwọn tòótọ́ ṣe máa ń sọ nìyẹn. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti gbàdúrà yí ìletò náà ká, fún ọmọ, fún oyún, àti fún ọ̀kadà kan tó ti kọ̀ láti sítáàtì. Ọ̀kadà náà sítáàtì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi ti kọjá àtúnṣe. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo rù délé, màmá mi sì béèrè bóyá oko ni wọ́n ń rán wa lọ ní yunifásítì.

Ọjọ́ tí a máa ṣàlàyé ìwádìí wa níwájú kíláàsì wá dé. Bàbá olùkọ́ ṣí iṣẹ́ mi, ó yọjú wò mí lókè awò ojú rẹ̀.

"Báwo lo ṣe yan àwọn ìdílé wọ̀nyí?"

"Àwọn tó ní kí n wá gbàdúrà fáwọn ni, sà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo bá ro ẹjọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òun kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní iṣẹ́ mi kò ní ìlànà, pé ìbéèrè tí kò le rárá ni mo lọ sọ di ìsọjí, pé ó dájú pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn ní ọ̀rọ̀. Mo ti ń gbọ́ káríófà nínú ohùn rẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Ká ní èmi ni bàbá yẹn. Bi mí bí o ṣe bi í."

Mo kúnlẹ̀, kó lè rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. "Sà, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ó wo fèrèsé, ó tún wò mí, ojú rẹ̀ sì ti ń yí padà.

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ìwọ fẹ́ ka ọmọ..." Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ.

Bàbá olùkọ́ rọra jókòó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àwọn tó fi ta mí lọ́rẹ," ló sọ níkẹyìn. Ó fún mi ní máàkì tó lè gbé mi jáde, kò sì fi jáárá sí i.

Ti ìyá ẹlẹ́rìn-ín músẹ́ ńkọ́? Mo tún un kọ, mo kọ nípa ìka tí mo nà, igbe ọmọ yẹn, àti bí ojú ṣe tì mí. Ó ní èyí ni òun ń wá látọjọ́ yìí. Mo jáde, àbúrò mi sì wọlé lọ́dún náà. Ohun tí mo rí kọ́ kò ju pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa ọmọ ẹlòmíràn, kó béèrè orúkọ rẹ̀, kó sì ní sùúrù.

Àbúrò mi kò tíì pẹ́ nílé ẹ̀kọ́ tó fi wọlé wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ le koko. "Àǹtí mi, wọ́n ní ká lọ ṣe ìwádìí. Ṣé kí n mú òróró dání ni?"

Mo fẹ́ gbá a létí, ẹ̀rín ni kò jẹ́.