Fìlà Tí Kingsley Dé Lọ sí Kẹ́ńyà

Ọ̀rọ̀ táwọn ọmọ ìsinsìnyí ń sọ ti sú mi. Ẹnì kan á jí láàárọ̀, kò ní sọ pé òun ń lọ sóko bàbá òun, á ní òun ń lọ "fara rora pẹ̀lú ilẹ̀." Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ á ní òun "ń ronú lórí ohun tó kàn." Tí wọ́n bá sì fẹ́ kí àgbàlagbà, "Màmá, báwo ni" ni wọ́n á jù sí i látòkè ọ̀kadà, wọ́n ti kọjá kó tó la ẹnu.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni báàkípáàkì. Oyèkẹ́ ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ létí mi. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní tọkọtaya á di ẹrù sínú àpò, wọ́n á gbé e kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á wọ orílẹ̀-èdè tí wọn ò dé rí, wọ́n á máa fẹsẹ̀ rìn ín kiri, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọ́n á sùn. Mo ní nígbà tiwa, ẹni tó gbé ẹrù tó ń rìn kiri, tí kò mọ ibi tó máa sùn, àánú rẹ̀ la máa ń ṣe. Oyèkẹ́ ní, "Màmá, ìgbádùn ni." Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Kingsley ló kó ìgbádùn ọ̀hún wọ àárín wa. Kingsley ọmọ olóògbé Adédàmọ́lá, tí oko bàbá rẹ̀ bá tèmi pààlà níbí ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní ìgboro Ọ̀wọ̀. Kingsley Abá-dígí-ṣọ̀rẹ́. Kingsley Rìn-ín-kí-wọ́n-rí-ọ. Kingsley Afòkèèrè-ṣakọ. Ọmọ náà dára lọ́kùnrin, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé òun náà mọ̀, ó sì fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ pé òun mọ̀.

Lọ́dún yìí, Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú tí gbogbo wa wà nínú rẹ̀ fẹ́ yan ààrẹ tuntun. Boniface tó jẹ́ tíṣà fẹ́ ẹ. Kingsley náà fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ bí ọmọ tuntun ṣe ń fẹ́ ọmú. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń ṣàìsàn, Boniface á ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ọbẹ̀ tó jinná. Òun ló tún òrùlé gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ṣe. Kí ni Kingsley fẹ́ fi bá a du ipò? Ó ronú, ó ronú, ó dìde ní ìpàdé, ó ní ẹni tí kò tíì rí ayé kò lè darí ẹgbẹ́. Ó ní òun àti Zipporah ìyàwó òun tuntun ń lọ ṣe báàkípáàkì ní Kẹ́ńyà, àwọn á máa ya fídíò, ọjọ́ ìdìbò gan-an làwọn máa dé, gbogbo ẹgbẹ́ á sì wò ó.

A pàtẹ́wọ́. Bàbá Akínbọ̀wálé, tó jẹ́ àgbà ẹgbẹ́, gbé ọwọ́ lé àpò méjèèjì, wọ́n gbàdúrà kí ọkọ̀ òfurufú má já. A sìn wọ́n dé ojú títì.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, mo ti padà sóko, mo ń la kòkó lọ́wọ́, ni ọ̀kadà kan bá dúró lẹ́yìn ilé mi. N kò rí ọkọ̀ òfurufú ẹlẹ́sẹ̀ méjì rí láyé mi. Zipporah ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ wú bí ẹni tí oyin ta. Kingsley bọ́ tẹ̀ lé e, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi tòun ti àpò lẹ́yìn, àpò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ dákun," ó ní, "ẹ má sọ fẹ́nikẹ́ni pé ẹ rí wa."

Mo bi í pé Kẹ́ńyà ńkọ́.

"Ibí náà ni, Màmá. Fúngbà díẹ̀."

Àṣé kò gba ìwé ìrìnnà kankan. Kò tilẹ̀ béèrè ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń gbà á. Zipporah sọ fún mi pé ní gáréèjì, òun ti kọjú sí ọkọ̀ Èkó nígbà tí ọkọ òun pe ọ̀kadà. Òun rò pé ó fẹ́ kọ́kọ́ lọ kí ibojì bàbá rẹ̀ ni. Ọmọ ọlọ́mọ, nọ́ọ̀sì ni, ó ti dágbére fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Ó ti ra bàtà ìrìn tuntun. Bàtà náà ló wá ń wọ̀ lọ pọnmi lódò.

Mo wo ojú Kingsley, mo rántí bàbá rẹ̀ tó máa ń bá mi gbé ẹrù sórí. Mo ní ó dáa, ẹnu mi kò ní sọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ Kẹ́ńyà nìyẹn. Láàárọ̀, Kingsley á dé fìlà kan báyìí, fífẹ̀ rẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò àṣè, irú èyí táwọn òyìnbó tó ń wo ẹranko máa ń dé. Á so aṣọ pupa mọ́ ọrùn, á dúró ní ìdí kòkó mi, Zipporah á gbé fóònù sókè. Kingsley á ní, "Ẹ̀yin ará ilé, kọfí Kẹ́ńyà rèé." Kòkó mi o, tí mo fi ọwọ́ ara mi gbìn.

Ó tú okùn ọrùn ewúrẹ́ mi, ó lé e wọ inú koríko, ó ní ẹran ìgbẹ́ ibẹ̀ ni. Ewúrẹ́ náà bojú wẹ̀yìn wò mí bí ẹni ń béèrè ohun tí òun ṣe. Ọ̀gán kan wà lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́, Kingsley ní kí Zipporah dùbúlẹ̀ gbọọrọ kó ya ọ̀gán náà láti ìsàlẹ̀. Ó ga lóòótọ́. Kingsley dúró lókèèrè lẹ́yìn ọ̀gán, ó ń mí hẹ̀lẹ̀-hẹ̀lẹ̀, ó ní òkè ti fẹ́ pa òun.

Iṣu tí mo bá sì sun, òun ló ń jẹ ẹ́. Á kọ́kọ́ yà á, á ní "oúnjẹ àwọn ará ibí," á wá jẹ gbogbo rẹ̀ tán lẹ́yìn tí fídíò ti parí. Zipporah á máa ya tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan ṣá, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọ inú ilé, ó jókòó tì mí, ó ní, "Màmá, ká ní ó sọ fún mi pé agbára òun ò gbé e, ǹ bá bá a wá sóko láìjà."

Ibi tí a bá a dé nìyí tí ọdún Ìgògò fi bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ibí, ẹ mọ̀ ọ́n. Tí ọdún bá ti wọlé, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, a kì í lùlù, agogo nìkan là ń lù. A ò kọ́ ọ níwèé. Láti inú ọjá lẹ́yìn ìyá ló ti wọ̀ wá lára. Mo rí Kingsley láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú fìlà àwo-ńlá rẹ̀, mo ní, "Kingsley, ọdún ti dé o, fìlà rèé lórí ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, Kẹ́ńyà ni mo wà. Kò kàn mí."

Mo ní n kò gbà, àmọ́ mo ti gbọ́.

Lọ́sàn-án, wọ́n ń ya fídíò ìkẹyìn lójú ọ̀nà oko, ti kìnnìún. Mo wà ní ẹ̀yìn ilé. Àwọn géńdé kan láti abúlé ń gba ọ̀nà ọ̀hún lọ sí ìgboro fún ọdún, wọ́n ń lu agogo bọ̀. Mo yọjú, mo kí wọn, wọ́n kọjá. Kingsley kò dúró, ó bá kìnnìún rẹ̀ lọ. Nírọ̀lẹ́, ó wo fídíò náà títí, bóyá ó tó ìgbà mẹ́wàá, ó ń sọ bí òun ṣe pe "Náíróbì." Ojú ara rẹ̀ nìkan ló ń wò níbẹ̀.

Ọjọ́ ìdìbò pé. Èmi ti ṣáájú lọ. Kingsley àti Zipporah dé bí ẹni ti pápákọ̀ òfurufú bọ̀, fìlà wà lọ́wọ́ nítorí ọdún, Kingsley ń tiro díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú Bàbá Akínbọ̀wálé, ó kí wọn bí ará Kẹ́ńyà, ó ní, "Jáńbò." Bàbá ní, "Àmín."

Wọ́n ti ta aṣọ funfun ńlá mọ́ ògiri. Kingsley fúnra rẹ̀ ló ní ti tẹ́lẹ̀ kéré jù, kí wọ́n wá èyí tó fẹ̀. Àwòrán bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí kọfí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n rí òkè, àwọn kan ní háà. Boniface wo ewúrẹ́ mi pẹ́, ó wá wo èmi náà. Mo rí i lójú àwọn mìíràn pé wọ́n ti yan Kingsley tán nínú ọkàn wọn, òun náà sì ti ń tún kọ́là ṣe.

Ìgbà yẹn ni fídíò kìnnìún dé. Kingsley dúró gànràn lára aṣọ funfun, fìlà lórí, ó ní, "Níbi tí mo dúró sí yìí, kìnnìún kọjá láàárọ̀." Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún lókèèrè. Bí agogo ṣe dún, ọwọ́ Kingsley ta sókè bí ẹni tí iná jó, ó já fìlà kúrò lórí, ó fi há abíyá, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́: "Kìnnìún ọ̀hún tóbi." Àwòrán mì jìgìjìgì, etí gèlè Zipporah já bọ́ síwájú rẹ̀, nítorí òun náà ń fi ọwọ́ kan tú tirẹ̀. Agogo súnmọ́. Ohùn obìnrin kan wá jáde, ohùn tí gbogbo Ọ̀wọ̀, tàbí Ọ̀ghọ̀ lẹ́nu àwa ọmọ ibí, mọ̀: "Ẹ kú ọdún o, ọmọ Ọ̀ghọ̀. Ẹ má tẹ ewúrẹ́ mi mọ́lẹ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Mo ń wo àjà.

Bàbá Akínbọ̀wálé ní kí wọ́n dá àwòrán dúró. Wọ́n fara balẹ̀, wọ́n bi í léèrè.

"Kingsley, ta lo ń ṣí fìlà fún ní Kẹ́ńyà?"

"Ooru ni, sà. Ooru mú mi."

"Ooru ọ̀hún ló ń lu agogo?"

Ẹ̀rín ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Kingsley nu ojú, ó ní àwọn èèyàn wa pọ̀ ní Kẹ́ńyà, àwọn náà ń ṣọdún. Bàbá ní ó dáa, pé Ìyá Oyèkẹ́ ńkọ́, ìgbà wo lòun náà rìnrìn-àjò.

Mo dìde. Mo ní, "Bàbá, ẹnu mi ti ṣèlérí, ẹ má bi mí. Àmọ́ ewúrẹ́ mi kò kúrò ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ rí."

Ibẹ̀ ni gbọ̀ngàn dà rú. Ẹlòmíràn dì mọ́ òpó, ó ń rẹ́rìn-ín. Kingsley fẹ́ fi fìlà bo ojú, ó tún rántí ọdún, ó gbé e sọ̀kalẹ̀.

Zipporah ló dá wọn lẹ́kun. Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan sórí àga kí wọ́n rí amọ̀ oko lára bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bi Màmá mọ́. Oko la wà. Òkè tẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ fún, ọ̀gán ni. Ọkọ mi ò sì burú, ipò yìí ló bò ó lójú." Ó wá yíjú sí Kingsley, ó ní kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kingsley dọ̀bálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí àpò lẹ́yìn rẹ̀, ó sì pẹ́ nílẹ̀.

Boniface ni wọ́n yàn. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fa Kingsley dìde, ó ní Kingsley ni ẹgbẹ́ á máa rán níṣẹ́ ọ̀nà jíjìn. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọlọ́kadà Ọ̀wọ̀ kì í pe ọ̀dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ mọ́. "Kẹ́ńyà, ó ku ẹnì kan" ni wọ́n ń ké ní gáréèjì, ẹ̀yin náà ẹ lọ gbọ́.

Kingsley àti Zipporah wà níbí lónìí, wọ́n wá bá mi sá kòkó. Ọkọ ló ń pọnmi báyìí, ìyàwó ló ń yà á ní fídíò, ẹ̀rín sì ti padà sẹ́nu Zipporah. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an tí mo fẹ́ sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí ni pé, tí Kingsley bá lè...

Zipporah ń ké láti ẹ̀yìn ilé: "Màmá, ẹ sáré wá o, ewúrẹ́ yín ti ń jẹ fìlà Kẹ́ńyà."