Ẹ Dá X Ìyàwó Mi Padà

"Wọ́n á dá a padà! Bó jẹ́ pé wọ́n jí i ni o, bó jẹ́ pé wọ́n gbàgbé ẹ̀ sórí tábìlì ni o, wọ́n á dá X ìyàwó mi padà!"

Bàbá mi nìyẹn. Ẹ fọwọ́ di imú díẹ̀, ẹ na ọrùn bíi tòlótòló, ẹ ti gba ohùn wọn mú. Inú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa ní Mile One la wà. Oṣù tó kọjá ni wọ́n yọ kókó kan nílé ẹyin Ìyá mi. Wọ́n gbé kókó náà lọ sí láàbù, láàbù kọ̀wé pé X kan ti sọnù níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ àkọ́kọ́, Bàbá sì ti jókòó lé káàdì ọsibítù.

"Bàbá Aaliyah, ẹ dìde lórí káàdì mi."

"Mi ò dìde. Ṣùkúrátù, o ò lọ síléèwé, jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹ. Èmi dé JS Two. Obìnrin, X méjì. Ọkùnrin, X kan, Y kan. Wọ́n ti wá sọ ọ̀kan nù nínú tìẹ. Mélòó ló kù?"

"Ọ̀kan."

"Mélòó lèmi ní?"

"Ọ̀kan."

"Ẹ̀n-hẹ́n! Ṣó o ti rí i? O ti rìn dé ìdajì ọ̀nà. Tó bá di Jímọ̀, ibo lo fẹ́ dúró sí ní mọ́ṣáláṣí, tọkùnrin àbí tobìnrin?"

Ìyá mi ronú díẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ yín ni. Tá a bá délé, àwa ọkùnrin méjèèjì á jókòó, a ó jọ máa retí ẹni tó máa dáná."

"Ọ̀rọ̀ gidi ni mò ń sọ, ìwọ ń ṣeré!"

"Ta wá ló mú un?"

"Dókítà ni now! Ọgbọ́n télọ̀ ló lò yẹn. Oníbàárà á gbé yáàdì mẹ́fà wá, wàá rán mẹ́rin àbọ̀, ìyókù á wọ abẹ́ máṣínnì. Wàá wá ní, 'Madam, e no even reach o, na manage I manage am.' Ṣùkúrá, dókítà yẹn ti manage ẹ!"

"Ó tó ọdún mélòó tẹ́ ẹ ti mọ ọgbọ́n yìí?"

"Ọdún méjìlélógún tí mo ti..." Bàbá fọwọ́ bo ẹnu. "Àwọn télọ̀ yòókù ni mò ń bá wí."

Ìyá mi wo bùbá tí mo wọ̀, aláwọ̀ ọsàn, ẹlẹ́ja wẹ́wẹ́. Èmi wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó ra aṣọ yẹn fún mi lọ́jà.

"Nọ́ọ̀sì Ọlábísí ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ó yé mi kedere. Ẹ rántí Mikail?"

"Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ọjọ́sí? Má dárúkọ ọmọ yẹn sí mi létí!"

"Ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé mélòó lẹ ní kó gé?"

"Mẹ́wàá! Ó gé ogójì!"

"Ta ló rán an?"

"Kò sẹ́ni tó rán an! Mo ní kó dúró, kò dúró. Bébà tá a fi ń gé apá kan já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn wò. Ogójì ṣẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn, alápá kan!"

"Kókó inú mi nìyẹn."

"Èwo nìyẹn?"

"Mikail ni kókó yẹn. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, ó ń gé lọ, ó ń gé lọ. Ibi tó ti ń gé lọ ni X ti já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Inú kókó ló ti sọnù, dókítà kọ́ ló mú un. Ó tiẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi dá irú kókó tó jẹ́ mọ̀."

"Ìwọ fúnra ẹ wá ńkọ́? Apá tìẹ?"

"Bébà tẹ́ ẹ gbé kọ́ sára ògiri, tí Mikail ń wò gé, ṣé apá ẹ̀ já?"

Bàbá yíjú sí ògiri. Wọ́n ka apá ọ̀tún, wọ́n ka apá òsì, wọ́n tún un kà.

"Ó pé."

"Èmi nìyẹn. X méjèèjì pé sí mi lára."

"Kí wá ni abẹ́rẹ́ fẹ́ ṣe? Ṣebí wọ́n ti yọ Mikail!"

"Ẹ̀yin náà lé Mikail lọ. Ṣé kò ku ṣẹ́ẹ̀tì alápá kan nínú ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Mo ṣì rí ọ̀kan lábẹ́ bẹ́ǹṣì láàárọ̀ yìí."

"Torí irú ẹ̀ ni abẹ́rẹ́."

Bàbá ń fi téèpù wé ìka, wọ́n ń tú u, wọ́n ń wé e. Ohùn tòlótòló ti lọ. Mi ò lè fara wé èyí tó kù.

"Mo rò pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fẹ́ máa gé ẹ lọ, tí wọ́n á wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé aṣọ ò tó."

"Aṣọ á tó, Bàbá Aaliyah."

Bàbá dìde, wọ́n yọ káàdì tó ti gbóná, wọ́n fi ọwọ́ na án dáadáa.

"Aago mélòó l'Ọ́jọ́bọ̀?"

"Méje àárọ̀."

"Èmi náà ń lọ. Mà á tẹjú mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gé e tí mi ò ní rí i."

Ibẹ̀ la wà tí ohùn kan fi dún láti ìta, ohùn Madam Belema, oníbàárà wa.

"Oga Taju! My cloth wey remain nko? The orange one wey get fish!"

Tòlótòló padà dé. "Ah, Madam! E no even reach o! Na manage I manage am!"

"Ó já bọ́ lọ́wọ́ Mikail," ni Ìyá mi rọra wí.

"Okay o. Aaliyah dey inside? Aaliyah! Abeg come help me carry this bag!"

"I dey come, ma!"

Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣẹ́ẹ̀tì alápá kan abẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn dà, kí n fi bo ẹja wọ̀nyí?