Kọfí Olójú Méjì

Láti àárọ̀ ni Godwin ọmọ Ọ̀kà, ará Kánádà, ti ń mú Naomi ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ méjì tí wọ́n bí sọ́hùn-ún rin ọjà Ìkàrẹ́ ká, bí ẹni mú àlejò wo ààfin. Ní Ọ̀kà, ìyá rẹ̀ ti gbá yàrá dè wọ́n. Màmá ò tíì fojú kan àwọn ọmọ náà rí. Ṣùgbọ́n orí ti ń fọ́ Naomi, ó sì ti sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín: bí òun ò bá rí kọfí mu ní Ìkàrẹ́ yìí, òun ò dé Ọ̀kà kankan mọ́. Èkó ni òun àtàwọn ọmọ ń lọ, láti Èkó, ó di Kánádà.

"Ìkàrẹ́ tèmi?" ni Godwin wí. "Kafé kún ibí dẹ́nu!"

Ó fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Bó ṣe yà sí kọ̀rọ̀ kan báyìí, ó rí pátákó. Òjò ti fọ "SÁÍBÀ" kúrò lára rẹ̀, "KAFÉ" nìkan ló kù. Màrdíyyàh ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣe fọ́tókọ́pì, kó sì fi ọ̀rá líle bo ìwé-ẹ̀rí kí omi má bà á jẹ́. Àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́yìn kọ́tìnì, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo lójú fèrèsé bí ìjà orogún.

"Àbúrò, o kú iṣẹ́ o. Kọ́fì méjì, kíákíá!" Imú ni Godwin fi sọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́hùn-ún.

"Kọ́pì méjì. Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Dúdú ni àbí aláwọ̀?"

Aláwọ̀! Inú Godwin dùn. Ẹni tó bu mílíìkì sí kọfí, kí ló ṣe bí kò ṣe pé ó fún un láwọ̀?

"Dúdú ni tèmi. Ti ìyàwó mi ni kó o fi àwọ̀ sí."

"Ojú kan àbí ojú méjì?"

Díẹ̀ ló kù kí Godwin pàtẹ́wọ́. Lọ́hùn-ún, tí èèyàn bá fẹ́ kí kọfí le, á ní kí wọ́n ṣe é ní ìlọ́po méjì. Ẹ wá gbọ́ bí Ìkàrẹ́ ṣe ń pè é!

"Ojú méjì, jàre. Orí ló ń fọ́ ọ."

"Pẹ̀lẹ́ o. Ti ọsibítù nìyẹn. Wọn ò ní gbà á tó bá jẹ́ ojú kan."

"Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wọn ni. Ẹ ó mú un lọ ni, àbí ẹ ó fi sílẹ̀?"

"Mà á mu tèmi níbí. Ti ìyàwó mi ni mo máa mú lọ."

"Ẹ máa mú tiyín níbí?"

"Mà á mu ún."

"Níbí náà lẹ kúkú wà, ibo lẹ tún ti fẹ́ mú un?"

"Mo sì fẹ́ kó gbóná o!"

"Gbígbóná ló ń jáde. Ó jó ẹnì kan lọ́wọ́ níjẹta."

"Ẹ̀rọ yín dáa nìyẹn."

"Ó dáa. Ó kàn máa ń jẹ ìwé ni."

"Ìyẹn ò burú. Ìwé náà ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ."

Màrdíyyàh wò ó títí. "Dúdú rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ ṣá. Ó lè má hàn dáadáa."

"Rárá o! Kó ki ni mo fẹ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà á mì í." Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì. Godwin gbọ́ ṣọ̀kọ̀ ṣọ̀kọ̀ ṣọ̀kọ̀, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀. Màrdíyyàh yọjú. "Ó yá, ẹ mú orijínà wá."

"Èmi kẹ̀? Ìwọ ni kó o fún mi ní orijínà! O ò gbọdọ̀ po ayédèrú fún mi o."

"Ẹ̀gbọ́n, láìsí orijínà, kí ni mo fẹ́ fi ṣe é? Pásípọ́ọ̀tù ni, àbí?" Ó nawọ́ sí báàgì pẹlẹbẹ tó wà lọ́rùn Godwin, tí etí ìwé yọ níbẹ̀.

Ẹnu ya Godwin. Lọ́hùn-ún, ọtí nìkan ni wọ́n ń béèrè ọjọ́ orí ẹni fún. Ìkàrẹ́ ti wá le tó báyìí? Àmọ́ òfin ni òfin. Ó fa tirẹ̀ àti ti Naomi yọ.

"Ṣé kí n bò ó?" ni Màrdíyyàh bi í.

"Fi tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti ìyàwó mi ni kó o bò, etí ẹ̀ yíká. Kì í fẹ́ kó dà sí òun lára nínú ọkọ̀."

"Orijínà gan-an lẹ ní kí n bò?"

"Àbí n ò ti sọ pé orijínà ni mo fẹ́?"

"Ẹ sọ ọ́."

Ẹ̀rọ kùn lẹ́yìn kọ́tìnì. Nígbà tí Màrdíyyàh máa jáde, ìwé gbígbóná méjì ló mú dání, àti pásípọ́ọ̀tù Naomi tó ń dán bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lódò.

"Kí nìyí?"

"Tiyín rèé: dúdú. Ti ìyàwó yín rèé: aláwọ̀, ojú méjì. Mo sì ti bo orijínà ẹ̀ yíká."

"Kọfí ni mo wí! Kọfí tí wọ́n ń mu!"

"Mímu? Nínú kafé?" Màrdíyyàh sáré dúró síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lajú! Ta ló ń mu nǹkan nínú kafé?" Ó nawọ́ sí ara ògiri. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: A KÒ GBỌDỌ̀ MU OHUNKÓHUN NÍNÚ KAFÉ YÌÍ.

Godwin gbìyànjú láti ṣí pásípọ́ọ̀tù náà. Ó fi èékánná họ ọ́, ó fi eyín fà á.

"Ẹ má da ara yín láàmú," ni Màrdíyyàh wí pẹ̀lú ìgbéraga oníṣẹ́ ọwọ́. "Èyí tí mo bá bò, kì í ṣí. Tẹ́ ẹ bá sì fi ọ̀bẹ kàn án, ó bà jẹ́ nìyẹn."

"Òun ló máa gbé e padà sí Kánádà!"

"Á jẹ́ pé wọ́n máa fún un ní tuntun."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Tí wọ́n bá yára, bí oṣù mẹ́ta."

Fèrè ọkọ̀ dún níta: Naomi ni, ó tẹ̀ ẹ́, kò fẹ́ gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀. Godwin gbẹ́nu kúrò lára pásípọ́ọ̀tù. Ó wo ọ̀nà Ọ̀kà lójú fèrèsé, ó rántí yàrá tí ìyá rẹ̀ gbá. Ó rọra padà jókòó.

"Oṣù mẹ́ta?"

"Tí wọ́n bá yára ni mo wí."

Godwin tún ki ọwọ́ bọ báàgì, ó fa pásípọ́ọ̀tù méjì mìíràn yọ.

"Àbúrò, ṣé ẹ̀rọ yẹn ṣì gbóná? Gba ti àwọn ọmọ."