Ìpara Fọlákẹ́ Nínú Kànga Alágbàfọ̀

Àná ni ẹjọ́ ìpara irun wọ ààfin wa, ìyẹn pálọ̀ Baálẹ̀ wa ní Ìsọlọ̀. Èmi Gàfárù, akọ̀wé Baálẹ̀, ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó yẹ kí èmi náà wà láàárín àwọn tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́.

Ìyá Nafeesah, alágbàfọ̀, kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Bàbá, ẹ gbà mí! Fọlákẹ́ tó ń po ìpara irun ń fọ ike rẹ̀ létí kànga wa. Omi ti ń yọ̀. Agbádá àwọn kọ́sítọ́mà mi ní ẹ́sítéètì Ire-Akari ò gba sítáàṣì mọ́. Àwọn mẹ́ta ti kó aṣọ wọn lọ. Iṣẹ́ tí mo fi ń bọ́ ọmọ rèé!"

"Fọlákẹ́, kí lo ń pò mọ́ ìpara?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Sílíkónì ni, sà. Òun ló ń mú irun dán."

"Ṣé ó máa ń jẹrà?"

"Kí ló máa jẹrà sí, Bàbá? Yanrìn ni wọ́n ti ń ṣe é. Inú ilẹ̀ ló ti wá, mo kàn ń dá a padà sílé ni. Ó yẹ kí ìjọba fún mi láwọ́ọ̀dù."

"Yanrìn náà ni wọ́n fi ń ṣe ìgò," ni Ìyá Nafeesah fi pariwo. "Wá fi eyín rún un!"

Wọ́n pe Mùktárù, tó ń bá Fọlákẹ́ ra sílíkónì l'Óṣòdì.

"Ṣé ó ń bọ́ sínú kànga?"

"Rárá o, Bàbá. Kò sí níbẹ̀ rárá."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo máa ń yọjú wò ó, sà. Ó kàn máa ń léfòó ni."

"Kí ló ń léfòó?"

"Èyí tí ò sí níbẹ̀ yẹn, sà."

Ni Fọlákẹ́ bá nawọ́ sí mi. "Ẹ bi akọ̀wé yín! Kọ́sítọ́mà mi ni Bọ̀dá Gàfárù."

Mo dìde tìyì-tẹ̀yẹ. "Baálẹ̀, mi ò mọ obìnrin yìí rí."

Bí mo ṣe tẹríba báyìí, fìlà mi yọ̀ kúrò lórí, ó bọ́ sẹ́sẹ̀ Baálẹ̀. Irun díẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún mi ń dán yanran lójú gbogbo ìgbìmọ̀. Ojú tì mí gan-an.

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́n kànga náà gbẹ lónìí. Ẹ má dà á sí gọ́tà, torí gọ́tà náà ń ṣàn lọ bá ẹlòmíì. Fọlákẹ́ tó pò ó yóò kó ìdajì sí yàrá rẹ̀. Akọ̀wé tó fi ń pa orí yóò kó ìdajì tó kù."

"Títí dìgbà wo, Bàbá?" ni mo béèrè.

"Títí yóò fi jẹrà."

Ogún kẹ́ẹ̀gì omi kànga náà ló gba yàrá mi kan ṣoṣo. Orí ọ̀kan ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Láàárọ̀ yìí, mo ṣí i, mo gbóòórùn rẹ̀ wò, bóyá ó ti fẹ́ máa jẹrà. Ó ń ta sánsán.