Ohùn Tó Tú Ìpàdé Àwọn Onílé Ká

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Kí a tó sá fún ohùn, ká kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ín"? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ dákẹ́, ẹ ó gbọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Mòrádékẹ́. Olùkọ́ ni nílé ẹ̀kọ́ girama. Àìsàn ló gba ojú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, kọ̀ǹpútà ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà yìí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan dá ni. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ṣe lè tú inú rẹ̀ wò kó tún un ṣe. Ohùn kan wà níbẹ̀ tí Mòrádékẹ́ ń pè ní Akàwé. Ohun yòówù tó bá hàn lójú kọ̀ǹpútà, Akàwé á kà á sí i létí ní Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé imú ló fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àtúnṣe tuntun wọ inú kọ̀ǹpútà náà. Bó ṣe parí báyìí, Akàwé ya odi. Mòrádékẹ́ tẹ ibí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tẹ ọ̀hún, kẹ́kẹ́ pa. Ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ náà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì gbọ́dọ̀ rí i gbà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọ̀gá yìí kan náà ló ń sọ kiri pé, "Báwo ni ẹni tí kò ríran ṣe fẹ́ ṣètò ìdánwò?" Tí ìbéèrè náà kò bá dé, ó ti múra tán láti gba kíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mòrádékẹ́ fi fóònù pe Kọ́lápọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìlọrin, tí òun náà kò ríran, tó sì ń lo irú ètò yìí.

"Kọ́lápọ̀, ojú mi tún fọ́ lẹ́ẹ̀kejì o!"

"Fara balẹ̀. Kọ nǹkan sí i, ká mọ̀ bóyá á dáhùn."

Pẹ̀lú ìbínú ni Mòrádékẹ́ fi kọ ọ́ pé: *Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Sọ̀rọ̀!* Kò gbọ́ ohùn kankan. Ló bá ń pa ohun tó kọ rẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ìgbà yẹn ló gbọ́ igbe. Ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀ gan-an ni gbọ̀ngàn tí àwọn onílé àdúgbò ti ń ṣèpàdé wà, ṣùgbọ́n ó ti ti fèrèsé náà pa nítorí eruku ọyẹ́. Ó gbọ́ ohùn kan tó ń kùn tí kò yé e, ó gbọ́ àga tó ń wó lulẹ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré gìrìgìrì.

"Ó ní òun máa pa wá rẹ́!" ọkùnrin kan ló ké bẹ́ẹ̀. "Ẹ sá o!"

Ta ló fẹ́ pa wọ́n rẹ́? Mòrádékẹ́ táràrà dé ìdí ilẹ̀kùn, ó tì í, ó fi àga dí i. Ó gbé kọ̀ǹpútà àti fóònù, ó kó wọ abẹ́ tábìlì.

"Kọ́lápọ̀," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "àwọn apààyàn ti dé o."

Ohùn Kọ́lápọ̀ náà ti ń gbọ̀n. "Pa kọ̀ǹpútà yẹn kíá, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má tú ọ fó!"

Ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ó mọ̀ pé kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ béèrè bóyá kí òun pa gbogbo iṣẹ́ tó wà ní ṣíṣí, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí kò ti gbọ́ ohùn, kò mọ èyí tó wà lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó tẹ apá ọ̀tún, ó tẹ apá òsì, ó tún padà sí ọ̀tún.

Níta, àwọn èèyàn fi igbe ta. "Bẹ́ẹ̀ kọ́! Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ o!"

Irú apààyàn wo wá lèyí, tó ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pa?

Lójijì ló gbọ́ ohùn Fátúnbí, alága àwọn onílé. "Ẹ má pa gbogbo wa! Èmi nìkan ni mo ṣẹ̀! Èmi ni mo jí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga àdúgbò! Abẹ́ ibùsùn mi ló wà!"

Ẹnu ya Mòrádékẹ́ lábẹ́ tábìlì. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn ti sọnù ni gbogbo wọn ti ń pọnmi lọ́nà jíjìn, Fátúnbí yìí ló sì pe ìpàdé pé kí wọ́n wá olè.

Ohùn Ìyá Adétóún ló tẹ̀ lé e. "Ẹ má fi mí sílẹ̀ o! Orúnkún mi kò jẹ́ n dìde!"

Ìyá arúgbó yìí ló máa ń mú Mòrádékẹ́ lọ́wọ́ sọdá títì. Ẹ̀rù ń bà á, síbẹ̀ ó jáde lábẹ́ tábìlì. Ó gbá kọ̀ǹpútà mọ́ àyà, ó ṣí fèrèsé. Ohùn kan sì rọ́ wọlé, ó ń ti imú bọ̀, ó ń dún bí ààrá:

"Ṣé kí n pa gbogbo wọn? Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni."

"Akàwé?" ni Mòrádékẹ́ wí.

Sípíkà ńlá àwọn onílé ni Akàwé ti ń sọ̀rọ̀! Wọ́n ti yá kọ̀ǹpútà rẹ̀ rí láti fi kọrin níbi ìdúpẹ́, láìlo wáyà ni wọ́n sì so ó mọ́ sípíkà náà. Lẹ́yìn àtúnṣe yìí, Akàwé fo etí ẹni tó ni ín dá, ó gba ilé aládùúgbò lọ.

"Ìyá, ẹ má bẹ̀rù! Kọ̀ǹpútà mi ló ń sọ̀rọ̀!"

"Kọ̀ǹpútà rẹ? Kí la fi ṣe é tó fi fẹ́ pa wá?"

"Lẹ́tà ni mo ń pa rẹ́, iṣẹ́ inú ara rẹ̀ ló sì fẹ́ pa, ìyá. Kì í ṣe èèyàn."

Àwọn tó ti sá jáde yọjú padà. Fátúnbí dìde níbi tó ṣubú sí nígbà tó ń sá, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó wúkọ́. "Ẹ̀yin ará," ó ní, "ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe?"

Àwọn obìnrin kò dúró gbọ́. Wọ́n ti dé yàrá rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ omi náà jáde, tòun ti ìró ìyàwó rẹ̀ tó fi bò ó.

Kọ́lápọ̀ kò tíì kúrò lórí fóònù. Òun ló sọ ibi tí Mòrádékẹ́ máa tẹ̀ kí Akàwé lè padà sílé. Ìbéèrè ìdánwò dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kí ọ̀sán tó pọ́n, kíláàsì sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mòrádékẹ́ kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe ètò náà. Ọ̀kan nínú wọn, tí òun náà kò ríran, fèsì láti ìlú òkèèrè pé ẹ̀rín pa òun débi pé òun já bọ́ lórí àga. Ó tún un ṣe, kí ohùn má baà jáde nílé mọ́ láìgbàṣẹ.

Ní ti Fátúnbí, ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti yọ ọ́ nípò. Ìyá Adétóún ni wọ́n fi jẹ alága, torí òun nìkan ni kò sá. Kò rántí sọ fún wọn pé orúnkún ló fà á. Ó kàn wo Fátúnbí lójú, ó sì sọ ohun tí gbogbo ìlú ń sọ títí dòní: "Kí a tó sá fún ohùn, ká kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ín."