Fóònù Aláwọ̀ Wúrà àti Ọkọ̀ Tòmátì Láoyè

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà? Ẹni tó bá ní ayé àtijọ́ ló ti wá, ẹ ní kó lọ jókòó. Láoyè alájàpá tòmátì ló fà á, ní Òkè-Agbède.

Láoyè ń wá fóònù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí yóò máa fi pe àwọn awakọ̀ rẹ̀. Ọlọ́jà méjì wá polówó fún un. Èkíní ní, "Bàbá, ìlànà tí gbogbo ayé jọ ń lò ni wọ́n fi ṣe tiwa. Ilé iṣẹ́ yòówù tí ẹni tí ẹ bá pè ń lò, ẹ ó gbọ́ ara yín." Èkejì kàn gbé fóònù aláwọ̀ wúrà kalẹ̀. "Ẹni tó bá ní irú ẹ̀ nìkan ni yóò lè pè yín."

Orí Láoyè wú. "Irú ẹ̀ ni mo ń wá! Ṣé gbogbo ẹlẹ́nu ni yóò máa pe èmi ni?"

Aṣàbí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wò ó títí. "Láoyè, ta ló tún wá ní irú ẹ̀?"

"Wọn óò rà á, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣáà máa wòran."

Kò sẹ́ni tó rà á.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Gàníyù awakọ̀ ń kó tòmátì bọ̀, ọkọ̀ kún dẹ́nu, ni ìròyìn bá kan Láoyè lọ́jà pé tírélà ti dùbúlẹ̀ gbalaja ní Afárá, lójú ọ̀nà ọjà. Ọ̀kadà nìkan ló ń yọ́ kọjá. Bí Gàníyù ò bá yà sí ọ̀nà oko ní Ìdí-Ìrókò, oòrùn yóò se tòmátì náà jinná sínú ọkọ̀. Láoyè tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Fóònù wúrà ní òun ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

"Gba tèmi, fi pè é," Aṣàbí wí.

"Kí ẹ lè máa sọ ọ́ kiri pé tèmi ò dáa? Ó tì o!"

Láoyè sáré ra fóònù wúrà kejì, ó gun ọ̀kadà, ó bá Gàníyù ní Ìdí-Ìrókò gan-an.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ṣé kò sí o?"

"Gba fóònù yìí. Má bi mí ní nǹkan kan. Mo ń lọ sọ́jà lọ pè ọ́, kí Aṣàbí lè fetí ara rẹ̀ gbọ́."

Ó ṣẹ́rí padà. Gàníyù náà tẹ ọkọ̀, ó kọrí sí Afárá.

Láoyè dé ọjà, ó kó èrò jọ, ó pè. Ohùn kan dáhùn: "Ilé iṣẹ́ wa kò tíì da fóònù kejì yín mọ̀. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé."

Aṣàbí yọ fóònù tirẹ̀ jáde, ó pe Gàníyù.

"Mo ti há sẹ́yìn tírélà, mà!"

"Ṣé ọ̀gá rẹ ò sọ pé kí o gba ọ̀nà oko ni?"

"Wọn ò sọ ọ̀nà kankan, mà. Fóònù ni wọ́n fún mi."

Nígbà tí Láoyè fi máa padà dé Afárá, omi pupa ti ń ṣàn lábẹ́ ọkọ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì ti gbé ìkòkò sí i. Ìyá arúgbó kan na ìpọnbẹ̀ sí Láoyè: "Ọmọ mi, tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ló kù."

Láoyè tọ́ ọ wò. Kí ló tún fẹ́ ṣe?

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé fóònù wá polówó ní Òkè-Agbède, kí ó tó kí wọn tán ni wọn óò ti bi í pé, "Ta ni fóònù yìí lè bá sọ̀rọ̀?" Bó bá ní ti ilé iṣẹ́ òun nìkan ni, wọn a nawọ́ sí ọ̀nà Afárá, wọn a ní: ọ̀nà kan ò wọ ọjà.